A Kì Í Sá Ẹnu Ìkòkò Tábà Sóòrùn

Ìbéèrè kan wà tí mi ò tíì lè dáhùn títí di òní. Ẹni tó ti jáwọ́ nínú tábà kí wọ́n tó bí mi, kí ló ń rí fà lẹ́nu ìkòkò tó ṣófo?

Màmá ni mò ń sọ. Ìyá bàbá ọkọ mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn la ń gbé ní Abà Àjàgbé, lẹ́yìn Moníyà, níbi tí ọ̀kadà ti ń já èèyàn sílẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Ìjọ aládùúrà ni Màmá ń lọ, aláṣọ funfun ni wọ́n, wọn kì í mu tábà. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán, wọ́n á ní, "Ìyá Ìbùkún, gbé nǹkan mi wá." Èmi á sì gbé ìkòkò tábà wá. Igi pupa ni orí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi há eyín, rọ́bà dúdú tó le ni, ó ń dán bíi bàtà tuntun. Àmì funfun kékeré kan wà lára rọ́bà náà, wọ́n sì fi òwú wé ìdí rẹ̀ kó lè wọ inú igi dáadáa. Màmá á fi sẹ́nu láìsí tábà, láìsí iná. Wọ́n á máa wo ọ̀nà.

Mo ti bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni àwọn ń fà. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní èrìgì ló ń yún àwọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n lọ wo ẹ̀wà tí mo gbé ka iná.

Ọjọ́ kẹta tí mo délé ọkọ ni wọ́n ti na ìkòkò yìí sí mi. "Ìwọ ni wàá máa tọ́jú ẹ̀." Wọn ò sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀. Èmi náà ò béèrè.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, Màmá ti lọ sí ìsìn, mò ń fọ ìledìí ọmọ lẹ́yìnkùlé. Ìbùkún jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ nígbà yẹn, ó ń yọ eyín. Mo bojú wẹ̀yìn, kí ni mo rí? Ìkòkò tábà ni ọmọ mi dì mú! Ó ti ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń fà á bí ẹni ń fa ọmú. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tó jẹ́ pé tí ọmọ bá sín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ń wá àpò tí màá gbé lọ ọsibítù.

Mo gba ìkòkò. Mo yọ ẹnu rẹ̀. Mo sọ ọ́ sínú omi tó ń hó, òun àti fídà ọmọ, mo sì bu iyọ̀ sí i. Nígbà tó jinná, ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀, mo tò wọ́n sórí páànù kí oòrùn lè pa ohun tó bá kù. Ó wà níbẹ̀ títí di ọ̀sán.

Nígbà tí mo máa fi gbé e, dúdú ò sí mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ìgbẹ́ Ìbùkún lọ́jọ́ tó bá jẹ ẹ̀fọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bíi táyà tó jóná. Mo fi ahọ́n kàn án, ó korò bí orí ìṣáná.

Àǹtí Bísí, àbúrò ọkọ mi, wà nílé lọ́jọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, Ajíbọ́dè ni wọ́n gba yàrá sí, wọ́n wá gbé gàrí. Wọ́n wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó, ṣé o fi iyọ̀ sí i?"

"Mo fi sí i."

"Ata ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bu omi ẹ̀ wá, ká fi jẹ ẹ̀bà. O ti se ọkọ Màmá jẹ!"

Wọ́n ní ọṣẹ ìfọyín máa ń tún irú ẹ̀ ṣe. A fi ọṣẹ ìfọyín ha á. Ibì kan dúdú, ibì kan pọ́n, ibì kan funfun. Ó wá rí tótòtó bí adìyẹ.

Àǹtí Bísí ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kíláàsì ni. Mò ń lọ kàwé ní kíláàsì àwọn àgbà ní Moníyà, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, aago mẹ́rin. Màmá ló ń gbé Ìbùkún dání tí mo bá lọ. Ẹlòmíràn ò sí. Bí Màmá bá bínú, tí wọ́n bá ní ẹni tó ba nǹkan àwọn jẹ́, kó máa gbé ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, kíláàsì ti parí nìyẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ ni. Mi ò fẹ́ padà sórí ká máa fi ìka tẹ ìwé.

Màmá dé. Mo kúnlẹ̀, mo na ẹnu ìkòkò náà sí wọn lọ́wọ́ méjèèjì. Mo rò ó fún wọn, láti orí ọmọ dé orí páànù. Wọ́n gbà á. Wọ́n gbé e símú. Wọ́n fi ahọ́n kàn án, wọ́n tu itọ́ dànù. Àfi bí ẹ̀rín ṣe bú jáde lẹ́nu wọn, tí fìlà àdúrà wọn sì jábọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú.

Wọ́n ní ká jókòó. Ohun tí wọ́n sọ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Tíṣà wa ní ká kọ ọ̀rọ̀ àgbà kan bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ká má tún un ṣe.

"Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu… Bísí, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Mo ní eyín rí. Ọmọge ni mí, ọrùn mi gùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wá sí abà yìí láti Ẹgbẹ́dá ni. Ẹgbẹ́dá ìgbà yẹn o, kì í ṣe èyí tí mọ́tò kún báyìí. Oko ni. Oko lọ́tùn-ún, oko lósì.

"Bàbá ọkọ mi, Bàbá Àkànbí, ló ni ìkòkò. Òyìnbó kan tó máa ń wá wo kòkó lóko ló fún wọn. Ó ń padà sílùú ẹ̀, ó ní, 'Àkànbí, gbà.' Ẹ gbọ́, àwọn yòókù tó ń mu tábà nígbà yẹn, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ìkòkò tiwọn, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹnu ẹ̀. Tó bá bàjẹ́, wọ́n á gé òmíràn nínú igbó. Ti Bàbá Àkànbí nìkan ló ní rọ́bà. Rọ́bà dúdú! Pẹ̀lú àmì funfun bí ojú ẹyẹ lára ẹ̀. Tí wọ́n bá fi há eyín báyìí, tí wọ́n ní, 'Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gbọ́'… gbogbo abà á dákẹ́. Ta ló jẹ́ sọ̀rọ̀?

"Àṣà ilé yìí sì ni pé ìyàwó tó bá dé kẹ́yìn ló ń tọ́jú ìkòkò. Wọn ò fi ṣe ẹ̀bùn fún un o! Ìyàwó tuntun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń pọnmi, òun náà ló ń gbé ẹyin iná wá láti ìdí ààrò. Ẹ̀yin tòní, ẹ ní láítà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, pá, iná dé. Èmi, inú àpáàdì ni mo ń gbé e sí, màá sáré, ẹyin iná ò sì gbọdọ̀ kú lọ́nà. Tó bá kú, mo tún padà. Bàbá á ti máa wúkọ́. Wọ́n máa ń wúkọ́ tí iná bá pẹ́. Tí iná bá tètè dé, wọ́n tún ń wúkọ́.

"Tí wọ́n bá mu ún tán, wọ́n á na ìkòkò sí mi láìwojú mi. Wọn ò sọ bí mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀."

Mo ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ò ṣe sọ fún mi."

"Ẹn-ẹ́n. Ṣé wọ́n sọ fún mi ni? Jẹ́ kí n máa bọ̀.

"Mo fẹ́ràn ìmọ́tótó. Ìyá tó bí mi kì í fi ìdọ̀tí ṣeré. Ìkòkò yẹn sì ń rùn! Itọ́ àgbà, obì, tábà, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá lọ sóko, wọ́n gbàgbé ìkòkò sílé. Mò ń gbé omi kaná láti fi wẹ ọmọ ìyálé mi. Ọkàn mi ní, Àbẹ̀kẹ́, tì í bọ inú ẹ̀. Mo tì í bọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o lára. Ó wá ku kó gbẹ.

"A sá kòkó síta lọ́jọ́ náà, lórí ẹní gbọọrọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ohun gbogbo tó dára nílé wa, oòrùn la fi ń tọ́jú ẹ̀. Kòkó, oòrùn. Àgbàdo, oòrùn. Èlùbọ́, oòrùn. Aṣọ ìbora ọmọ tó tọ̀, oòrùn. Ta ló máa sọ fún mi pé nǹkan kan wà láyé tí oòrùn ń bà jẹ́? Mo tẹ́ ẹnu ìkòkò sáàárín kòkó. Mo tiẹ̀ ń bá a yí i pẹ̀lú kòkó, kí ìhà méjèèjì lè gbẹ dọ́gba!"

Àǹtí Bísí ti dojú bolẹ̀, wọ́n ń lu ilẹ̀.

"Rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo lọ gbé e, mi ò rí i mọ́. Ó ti pọ́n bíi kòkó! Mo ń wá a láàárín kòkó, mo ń gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ìyálé mi bá mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Ìyá Ràbí là ń pè é, obìnrin kékeré tí ohùn ẹ̀ tóbi. Ó ní, 'Àbẹ̀kẹ́, kí lò ń gbóòórùn?' Mo fi hàn án. Ó kígbe, 'Yéè! O ti pa Bàbá!'

"Mo ní Bàbá wà lóko, wọn ò kú.

"Ó ní, 'Tí wọ́n bá rí èyí, wọ́n á kú. Ìwọ náà á sì padà sí Ẹgbẹ́dá.'

"Oṣù méjì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò nílé ọkọ o. Ẹní mi ò tíì gbó. Àwọn àgbà oko máa pé jọ síwájú ilé wa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ló sì máa sọ̀rọ̀ fún wọn. Báwo ni wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ láìní ìkòkò? Mo bú sẹ́kún. Ìyá Ràbí ní, 'Ẹkún ò ní ha á. Lọ já ewé eépín wá.'

"Ìyá Ìbùkún, o mọ eépín? Ewé tó ń ha èèyàn lọ́wọ́ yẹn, tí wọ́n fi ń ha igbá kó lè dán. Ó ń bẹ lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ níbẹ̀ yẹn. A ta omi díẹ̀ sí i, a ń ha á, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Pípọ́n yẹn ń ṣí kúrò bí èépá. Dúdú ń yọ lábẹ́ ẹ̀. Háà, inú mi dùn! Ìyá Ràbí ní ó tó. Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní ó tó, Àbẹ̀kẹ́. Mo ní ẹ jẹ́ kó dán sí i. Mò ń ha á, mò ń kọrin… mo ha àmì funfun dànù.

"Ojú ẹyẹ ti lọ.

"Bàbá dé. Wọ́n fọ ẹsẹ̀. Wọ́n jókòó. Wọ́n na ọwọ́. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́ kan, ìkòkò lọ́wọ́ kejì, ẹyin iná ń jó lórí àpáàdì. Wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n tanná sí i, wọ́n fà á. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n wò ó. Wọ́n yí i sápá kejì, wọ́n tún wò ó.

"'Àbẹ̀kẹ́.'

"'Bàbá.'

"'Níbo ni ojú ẹ̀ lọ?'

"'Ojú ta ni, Bàbá?'

"'Ojú ìkòkò mi.'

"Ìyá Ràbí ti sá wọ ilé. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, 'Ó… ó sùn ni, Bàbá.'

"Ẹ gbọ́! Bàbá Àkànbí, tí ẹnì kankan ò rí eyín wọn rí àfi tí wọ́n bá ń jẹ obì, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé èéfín ń gba imú jáde. Wọ́n ní, 'Ó sùn! Ìyàwó ní ó sùn!' Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n nu ojú, wọ́n ní, 'Ẹni tó ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ló máa mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.' Ìyàwó mìíràn dé lẹ́yìn mi, wọn ò fún un. Bàbá kú, ó di ti ọkọ mi, èmi náà ni. Bí mo ṣe ń bá wọn tanná sí i, mo fà á lẹ́ẹ̀kan, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì… kò pẹ́ tí mo fi di ẹni tó ń mu ún. Kí aṣọ funfun tó gbà mí. Wòlíì wa bá a lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, 'Màmá! Kí nìyẹn?' Mo ní, 'Wòlíì, ẹ wo inú ẹ̀, ó ṣófo. Èéfín ni mo fi sílẹ̀, mi ò bá rọ́bà jà.'

"Ìyá Ìbùkún, mú ìwé ẹ, èyí ni kí o kọ dáadáa. Ìyá Ràbí ló kọ́ mi. Tí ìkòkò bá ṣì gbóná, má yọ ẹnu ẹ̀, á kán. Jẹ́ kó tutù. Tí o bá ń yọ ọ́, yí i, má fà á yọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni kí o fi ro ihò ẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ni kí o fi nu itọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Itọ́ tó gbẹ mọ́ ọn lára, omi gbígbóná, oòrùn, àwọn mẹ́ta yẹn ló ń pa á. Kí o wá ta àdín sí ìka, díẹ̀, bí èyí tí o fi ń pa ètè ọmọ. Pa á lára, nu ún kúrò. Wé e sínú aṣọ dúdú, kí o fi sísàlẹ̀ àpótí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti lè rí i. Ojú fèrèsé kọ́. Orí páànù kọ́! Páànù, ìyàwó mi! Èmi tiẹ̀ fi tèmi sórí ẹní."

Mo ní, "Màmá, ọmọ ló fà á o. Tábà ò dára fún ọmọ. Wọ́n sọ fún wa ní ọsibítù."

"Bàbá ọkọ ẹ fà á nígbà tó ń yọ eyín. Òun ló di ọ̀gá ní iṣẹ́ ìjọba yẹn."

"Màmá…"

Wọ́n wo Ìbùkún. Ìbùkún ń jẹ ìdí ṣíbí. "Òótọ́ lo sọ. Àwa ò mọ̀ nígbà yẹn. Èmi ló gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé, èmi ló jẹ̀bi ìyẹn. Àpótí ni kó máa wà, kí o sì tì í."

Mo lọ já ewé eépín lẹ́yìn ilé ìwẹ̀. Mo ta omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Màmá jókòó tì mí, wọ́n ń pàṣẹ. "Pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ yẹn. Yí i. Má dé ọ̀dọ̀ àmì funfun yẹn o, má pa á lójú." Mo fi àtàǹpàkò bo àmì náà bí ẹni ń bo ojú ọmọ lọ́wọ́ eruku. Dúdú ń yọ.

Nígbà tí mo pa á ní àdín, Màmá fi ahọ́n kàn án. Wọn ò tu itọ́. Wọ́n fi há ibi tí eyín wọn wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì na ọwọ́ sí Ìbùkún.

"Gbé e wá. Ṣé kò sí kíláàsì lónìí ni? Aago mẹ́rin ti fẹ́ lù, o jókòó, ò ń wo ẹnu mi."

Mo ti ń wá bàtà mi. Mo tún ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn mi, wọ́n ń bá Àǹtí Bísí sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ìsinsìnyí, nǹkan bàjẹ́ díẹ̀, ó ti dórí ààtàn. Fóònù fọ́ ojú, ẹ ra òmíràn. Ìyàwó ṣì nǹkan ṣe, wọ́n ti ń pe mọ́lẹ́bí. Ta ló ń jókòó ti nǹkan mọ́, kó máa ha á pẹ̀lẹ́? Ẹ máa jókòó tì í, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó sọ pé kò ṣeé tún ṣe… Hmm. Ayé ti yára jù."

Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí oòrùn rí ẹnu ìkòkò yẹn mọ́. Mo gbà pé ohun tí òyìnbó fún Bàbá Àkànbí ni mò ń tọ́jú. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè bí àmì tí Màmá ti ha dànù ṣe padà síbẹ̀.

Ìbùkún ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin kí n tó mọ̀. A lọ kí Àǹtí Ṣadé, àbígbẹ̀yìn Màmá, ní Ọlọ́runṣògo. Mo ń ròyìn ìkòkò fún wọn, bí mo ṣe sè é, bí mo ṣe sunkún. Wọ́n ní, "Ẹnu ìkòkò wo? Ti Bàbá Àkànbí ti kán tipẹ́." Wọ́n ní àwọn ni Màmá rán lọ ra èyí tó wà lọ́wọ́ mi, lọ́dọ̀ Hausa kan tó ń ta àlòkù ní Moníyà, ní oṣù tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó mi. Màmá ní kí wọ́n wá alámì funfun. Màmá fúnra wọn ló fi òwú wé ìdí rẹ̀ kó lè wọ̀.

Àǹtí Ṣadé bi Màmá pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹnu ìkòkò ṣe nígbà tí wọn ò mu tábà mọ́.

Màmá dá wọn lóhùn pé, "Ìyàwó tuntun ń bọ̀. Ó gbọdọ̀ bá nǹkan nílẹ̀ tó máa bà jẹ́."